Kí fóònù má baà gba gbogbo ọjọ́ lọ́wọ́ yín: ìfiwéra àwọn ọ̀nà tó wà

Ìmọ̀ràn kò wọ́n lórí ọ̀rọ̀ fóònù. Ẹnì kan á ní kí ẹ yọ TikTok kúrò, ẹlòmíràn á ní kí ẹ ra fóònù kékeré, ẹni kẹta á ní òun ń gbààwẹ̀ fóònù ní gbogbo Sátidé. Wọn ò parọ́, ohun tó ṣiṣẹ́ fún wọn ni wọ́n ń sọ. Àmọ́ ìyá tó ń ta léèsì lórí WhatsApp kò lè ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀ lè ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí fídíò ń gba oorun lójú rẹ̀ kò ní ìṣòro kan náà pẹ̀lú ẹni tí gúrúùpù ẹbí kò jẹ́ kó gbádùn. Mo kó àwọn ọ̀nà tí àwọn èèyàn ń lò jù síwájú ara wọn níbí kí ẹ lè rí èyí tó bá tiyín mu. Mo ní èyí tí mo fara mọ́, mi ò sì ní fi pamọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó ń jẹ àkókò yín

Lórí Android, ì báà jẹ́ Tecno, Infinix tàbí Samsung, ẹ wọ Settings, kí ẹ wá Digital Wellbeing. Google gbé e jáde ní 2018. Ọdún yẹn náà ni Apple fi Screen Time sínú iOS 12 fún àwọn oní-iPhone. Àwọn méjèèjì máa ń ka iye wákàtí tí ẹ lò, áàpù tí ẹ lò ó sí, àti iye ìgbà tí ẹ ṣí fóònù.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wo àpapọ̀ wákàtí nìkan, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á pa á dé. Àpapọ̀ yẹn kò sọ nǹkan púpọ̀. Ẹni tó ń wa Bolt lè rí i pé àwòrán ojú ọ̀nà ló gba wákàtí mẹ́jọ, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹ yọ iṣẹ́ kúrò ná, kí ẹ wá fi wákàtí tó kù wé iye ìgbà tí ẹ ṣí fóònù. Bí wákàtí bá pọ̀ tí ṣíṣí kò sì pọ̀, jíjókòó tì í ni tiyín: fídíò tàbí géèmù ló sábà máa ń fà á. Bí ṣíṣí bá pọ̀, tó sì jẹ́ pé ẹ kì í pẹ́ níbẹ̀, a jẹ́ pé fóònù ló ń pè yín, tàbí kí ọwọ́ ti mọ́ ọn lára láti máa lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Oògùn tó ń wo ti àkọ́kọ́ kì í sábà ran ti èkejì. Ìdí nìyí tí ẹni méjì fi máa ń lo ọ̀nà kan náà, tí ọ̀kan á máa yìn ín, tí èkejì á máa ní ẹ̀tàn ni.

Gbèdéke àti ìdádúró

Ohun tí ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ máa ń dán wò ni gbèdéke: ẹ sọ fún fóònù pé Facebook kò gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 30 lóòjọ́. Lórí Android, bí ìṣẹ́jú yẹn bá pé, áàpù náà á pa, àmì rẹ̀ á ṣú, kò sì ní ṣí mọ́ títí di aago méjìlá òru. Bí ẹ bá fẹ́ padà wọlé, àfi kí ẹ rìn dé Settings lọ yọ gbèdéke náà. Ti iPhone rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Á sọ fún yín pé àkókò ti pé, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ibẹ̀ náà ni wọ́n kọ "Ignore Limit" sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ yan ìṣẹ́jú 15 tàbí gbogbo òní, ó parí. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, àtàǹpàkò á ti mọ ibi tí bọ́tìnnì yẹn wà láìjẹ́ pé ojú wò ó.

Ohun tó lè sọ ti iPhone di gidi ni nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀. Ẹ tan "Block at End of Limit", kí ẹ wá jẹ́ kí ẹlòmíràn yan nọ́ńbà náà: ọkọ, ìyàwó, tàbí àbúrò tí kì í gba rìbá. Bí ẹ bá ṣe báyìí, ó le ju ti Android lọ, nítorí gbèdéke Android lórí ọ̀pọ̀ fóònù kì í béèrè nọ́ńbà kankan lọ́wọ́ àgbàlagbà. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá ni ẹ mọ nọ́ńbà náà, ẹ má wulẹ̀ dààmú. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn tó fi kọ́kọ́rọ́ sápò ara rẹ̀ kò ti nǹkan kan.

Ọ̀nà kejì kò ka ìṣẹ́jú rárá. Áàpù kan wà tó ń jẹ́ one sec, tí ará Jámánì kan, Frederik Riedel, ṣe. Bí ẹ bá tẹ Instagram, kò ní ṣí lójú ẹsẹ̀. Á ní kí ẹ mí sínú, kí ẹ mí síta, lẹ́yìn náà ni yóò bi yín bóyá ẹ ṣì fẹ́ wọlé. Ìwádìí kan jáde lórí rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì PNAS ní 2023. Èèyàn 280 ni wọ́n tẹ̀ lé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nínú ìgbà 100 tí wọ́n fẹ́ ṣí áàpù, ìgbà 36 ni wọ́n yí padà lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tó sì fi máa di òpin ọ̀sẹ̀ kẹfà, iye ìgbà tí wọ́n tilẹ̀ gbìyànjú láti ṣí i ti fi 37% dín. Ẹ fi sọ́kàn pé ẹni tó ṣe áàpù náà wà lára àwọn tó kọ ìwádìí ọ̀hún. Síbẹ̀, ohun tó wí bá ojú ayé mu: bí ọwọ́ bá ṣe nǹkan láìjẹ́ pé orí rán an, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tó láti jẹ́ kí orí bá a.

Láàárín méjèèjì, bó bá jẹ́ pé ṣíṣí ni tiyín pọ̀, ìdádúró ni kí ẹ mú. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà nìkan ni agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tó bá ti wọlé tó ti jókòó sídìí fídíò, kò sí ohun tí one sec kọ́kọ́ ṣe lẹ́nu ọ̀nà tó tún lè gbé e dìde. Gbèdéke ló yẹ onítọ̀hún, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Àwọn tí YouTube ń jẹ lákòókò ní ọ̀nà kan tó sàn ju méjèèjì lọ, kò sì gba áàpù kankan. Ẹ pa ìtàn ohun tí ẹ ti wò, ìyẹn Watch history, kí ẹ sì nu èyí tó ti wà níbẹ̀. Láti oṣù kẹjọ 2023, bí èyí bá ti wà ní pípa, ojú ewé àkọ́kọ́ YouTube á ṣófo, kò ní gbé fídíò kankan síwájú yín mọ́. Ẹni tó fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń ran gèlè onífìlà á kọ ọ́ sójú ìwákiri, á wò ó, á jáde.

Ní ti sísọ ojú fóònù di dúdú àti funfun, èyí tí àwọn kan ń pariwo rẹ̀: ó dára lálẹ́, Bedtime mode lórí Android lè ṣe é fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú máa ń mọ́ ọn. Àsè tí wọ́n yọ ata kúrò nínú rẹ̀ ni, bí ebi bá ń pani a ó jẹ ẹ́ náà. Ẹni tó ń ta aṣọ kò tilẹ̀ gbọdọ̀ dán an wò, àfi tó bá fẹ́ fi aṣọ àlùkò ránṣẹ́ sí ẹni tó sanwó fún aṣọ aláwọ̀ ewé.

Gúrúùpù WhatsApp: ẹ kúrò ni àbí ẹ pa á lẹ́nu mọ́?

Ibí ni ọ̀rọ̀ tiwa ti yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ìwé tí àwọn òyìnbó ń kọ lórí èyí. Lọ́dọ̀ tiwa, gúrúùpù ẹbí wà, ti ìyá nìkan wà, ti ọmọ ilé ìwé kan náà wà, ti àdúgbò, ti ẹgbẹ́ àsìkò, ti ilé ìwé ọmọ, ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí àsàlátù, ti ìnáwó Dúró tó ti kọjá láti ọdún tó lọ tí ẹnikẹ́ni kò pa rẹ́. Àdúrà òwúrọ̀ á wọlé láago márùn-ún, èèyàn ogójì á sì dáhùn àmín lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kíkúrò ló mọ́ jù. Láti 2022, ẹni tó bá kúrò kì í hàn sí gbogbo ọmọ gúrúùpù mọ́, àwọn alábòójútó nìkan ni WhatsApp ń sọ fún. Ó dára fún gúrúùpù títà àti rírà àti ti ìnáwó tó ti parí. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó jáde ṣì wà fún ẹni tó bá wá a lára àwọn tó ti kúrò, títí di ọjọ́ 60. Ní ti ẹbí, alábòójútó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá yín. Ẹni tó bá kúrò níbẹ̀ láìsọ, ìpàdé ló pè yẹn. Wọ́n á ní ìyàwó ló kọ́ ọ, tàbí ìlú òyìnbó ló ti yí i lórí.

Fún irú èyí, pípa á lẹ́nu mọ́ ló yẹ, ìgbésẹ̀ méjì ni, wọn kò sì gbọdọ̀ yà kúrò lára ara wọn. Àkọ́kọ́, ẹ mú "Mute" kí ẹ yan "Always". Èkejì, ẹ kó gúrúùpù náà sínú "Archive". Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró sórí àkọ́kọ́, wọ́n á wá ní kò ṣiṣẹ́. Kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí pé bí gúrúùpù kò tilẹ̀ dún, bí nọ́ńbà ìfìránṣẹ́ 87 bá wà lókè àkójọ, ojú á rí i, ọwọ́ á sì lọ síbẹ̀. Láti 2021, ohun tí ẹ bá kó sí Archive kì í padà jáde bí ẹlòmíràn bá tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, bí ẹ kò bá yí ètò náà padà. Ẹ máa wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́, lálẹ́, kí ẹ sọ àmín yín pa pọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá di pàjáwìrì, wọn ò ní fi mọ sí gúrúùpù, wọ́n á pè yín.

Ẹ tún wọ Privacy, kí ẹ yan pé àwọn tí ẹ ní nọ́ńbà wọn nìkan ló lè fi yín sí gúrúùpù. Ìṣẹ́jú kan ni, ó sì ń dènà òmíràn tí ń bọ̀.

Yíyọ áàpù kúrò pátápátá, WhatsApp kọ́ ni mo ń dá lábàá rẹ̀ fún. Fún Facebook, TikTok àti Instagram, ó rọrùn ju bí àwọn èèyàn ti rò lọ, nítorí pé àkáǹtì yín ṣì wà, ẹ sì lè fi kọ̀ǹpútà wọlé nígbà tí ìdí bá wà. Ìnira yẹn gan-an ni àǹfààní rẹ̀. Bí ẹ bá ní láti yan ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, tí iṣẹ́ yín kò sì sí lórí áàpù náà, èyí ni kí ẹ ṣe.

Fóònù kékeré àti dátà kékeré

Fóònù kékeré, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní pálásá, ní bátìrì tó ń lo ọjọ́ púpọ̀, tọ́ọ̀ṣì, àti rédíò. Ó ń gba ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́, nọ́ńbà ìdánilójú tí báǹkì ń fi ránṣẹ́ á sì wọlé síbẹ̀. Ní Nàìjíríà, ẹ lè fi kóòdù sanwó: *894# fún FirstBank, *919# fún UBA, *966# fún Zenith, *737# fún GTBank. Láti oṣù kẹfà 2025, ₦6.98 ni wọ́n ń yọ nínú owó ìpè yín fún ìṣẹ́jú àáyá 120 tí ẹ bá lò lórí kóòdù báǹkì, nítorí náà ẹni tó ń fowó ránṣẹ́ nígbà púpọ̀ lóòjọ́ á mọ̀ ọ́n lára. Iye tí ẹ lè fi ránṣẹ́ náà ní ààlà. Ohun tí ẹ ó pàdánù ni Bolt, WhatsApp, àwòrán ojú ọ̀nà, áàpù báǹkì, àti agbára láti ya fọ́tò ìwé ẹ̀rí owó tó hàn kedere.

Ẹ̀yin tó wà ní Amẹ́ríkà, ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú Nokia àtijọ́ tó wà nínú dúrọ́ọ̀. AT&T pa 3G tirẹ̀ ní oṣù kejì 2022, Verizon sì pa tirẹ̀ kí ọdún yẹn tó parí. Fóònù tí kò bá lè pè lórí 4G, ohun ìṣeré ọmọdé ló jẹ́ lọ́hùn-ún.

Ohun tí ọ̀pọ̀ tó ra fóònù kékeré máa ń ṣe ni pé wọ́n á máa gbé méjèèjì kiri. Nígbà yẹn, ẹrù ló lé sí i, àkókò kò dín. Fóònù ńlá gbọ́dọ̀ ní ibi tó ń gbé: ọ́fíìsì, ìsọ̀, tàbí orí tábìlì kan nínú ilé. Bí ẹ kò bá lè fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ má fowó ra èkejì.

Dátà kékeré ni ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń lò láìmọ̀ pé ọ̀nà ni. Lẹ́yìn tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, fún àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ láyè ní oṣù kìíní 2025 láti fi owó kún ìdíyelé wọn títí dé 50%, ọ̀pọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ dátà lò. Bí a bá fi dátà oṣù wé ti ọjọ́ kan, ti oṣù ń dín owó kù lórí GB kọ̀ọ̀kan, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní dátà púpọ̀ tó ń lọ sópin ọjọ́ rẹ̀ máa ń wo fídíò kó má baà ṣòfò, wákàtí rẹ̀ ló fi ń sanwó. Ẹni tó ra díẹ̀ máa ń ronú kó tó tẹ fídíò. Bí ẹ bá mú ọ̀nà yìí, ẹ pa ìtúnrà àdáṣe, ìyẹn auto-renewal, kí ẹ sì máa pa dátà fóònù bí èyí tí ẹ rà bá tán, kó má baà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ owó ìpè. Kóòdù *323# ń fi èyí tó kù hàn yín lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbo.

Ọ̀nà yìí kò wúlò rárá fún ẹni tí Wi-Fi ọ́fíìsì ń ṣàn bí omi, tàbí ẹni tó wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, tí íntánẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀ kò ní òpin.

Yàrá ìsùn, àti ibi ìjọsìn

Agogo aláàmù lásán kò wọ́n lọ́jà. Ẹni tó ń fi fóònù jí, fóònù ló máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, kí ojú tó là dáadáa ó ti wà nínú sítétọ́ọ̀sì àwọn èèyàn. Bí a bá fi agogo wé fóònù tí a pa ìró rẹ̀ tí a sì dojú rẹ̀ bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí, agogo ló borí, kì í tilẹ̀ ṣe díẹ̀. Ní 2017, Adrian Ward àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Texas ní Austin dán an wò: àwọn tó fi fóònù sí yàrá mìíràn ṣe dáadáa nínú ìdánwò ọpọlọ ju àwọn tí tiwọn wà lórí tábìlì lọ, bẹ́ẹ̀ fóònù yẹn kò dún. Àwọn tó tún un ṣe lẹ́yìn náà kò rí èsì kan náà nígbà gbogbo, nítorí náà mi ò ní fi búra. Ohun tí mo lè fi búra ni pé ẹni tí fóònù rẹ̀ wà ní pálọ̀ kì í dìde láago méjì òru lọ wo TikTok níbẹ̀, ní pàtàkì bí iná kò bá sí.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Bíbélì orí fóònù fúyẹ́, ó sì ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n láàárín Sáàmù kẹtàlélógún àti ìwàásù, ọ̀rọ̀ kan á wọlé láti orí WhatsApp. Bíbélì oníwèé wúwo, kò sì ní ẹlòmíràn nínú. Àwọn tó ń fi áàpù gbọ́ àsìkò ìrun lè tọ́jú áàpù náà, kí wọ́n pa ìró gbogbo ìyókù.

Ẹ̀yin tí ọjà yín wà lórí fóònù

Kò sí ẹni tó lè sọ fún ìyá aláṣọ pé kó máa dáhùn oníbàárà lọ́la. Ẹni tí kò bá dáhùn báyìí, oníbàárà ti lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀nà méjì ló wà.

WhatsApp Business, tó jáde ní oṣù kìíní 2018, jẹ́ ọ̀fẹ́. Ó lè wà lórí fóònù kan náà pẹ̀lú WhatsApp lásán bí nọ́ńbà bá yàtọ̀. Ẹ lè kọ wákàtí ọjà yín sínú rẹ̀, kí ẹ sì ṣètò ìdáhùn àdáṣe fún òru: "Ẹ kú ọjọ́ o. A ti pa ìsọ̀ dé, a ó dá yín lóhùn láago mẹ́jọ òwúrọ̀." Iye owó tí àwọn èèyàn máa ń béèrè léraléra lè wà nínú kátálọ́ọ̀gì. Àléébù rẹ̀ ni pé ọjà àti ilé ṣì wà nínú àpò kan náà. Ẹ ó wọlé dá oníbàárà lóhùn, ẹ ó jáde ní wákàtí kan lẹ́yìn náà láti inú sítétọ́ọ̀sì ẹlòmíràn.

Fóònù ìsọ̀ ni èkejì: fóònù ńlá olówó pọ́ọ́kú kan tí kì í kúrò ní ìsọ̀, tí ọmọ iṣẹ́ lè fi dáhùn bí ẹ kò bá sí níbẹ̀. Ó ná yín lówó, ṣùgbọ́n fún ẹni tí oníbàárà rẹ̀ pọ̀, èyí ni mo fara mọ́. Ẹni tó ń tajà láti inú ilé láìní ìsọ̀ kó mú WhatsApp Business, kó pa sítétọ́ọ̀sì àwọn ẹlòmíràn lẹ́nu mọ́, kó sì máa gbé tirẹ̀ síbẹ̀. Ìyẹn ṣeé ṣe: ẹ lè fi ọjà yín hàn láìwo ti ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé wọn ò ní rí yín nígbà wàhálà

Ẹ̀rù yìí ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ tó wà lókè òkun máa sùn pẹ̀lú fóònù tó ń dún, nítorí ìyá wà nílé, aago kò sì dọ́gba. Do Not Disturb, ètò inú fóònù tó ń pa ìró rẹ̀ mọ́ àfi fún àwọn tí ẹ bá yàn, sàn ju pípa fóònù pátápátá lọ níbí. Ẹ yan àwọn tí ìpè wọn lè wọlé: ìyá, bàbá, ọmọ, ẹni tó ń tọ́jú wọn. Bí ìyá bá máa ń fi fóònù aládùúgbò pè, tí nọ́ńbà náà kò sì sí lára àwọn tí ẹ yàn, ẹ tan ìpè àpètúnpè. Lórí iPhone, bí nọ́ńbà kan náà bá pè lẹ́ẹ̀kejì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, á dún. Lórí Android, ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n fún un. Ìpè orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gan-an ni kí ẹ gbára lé fún èyí, kì í ṣe ti WhatsApp. Ẹ wá sọ fún Màmá pé bó bá di dandan, kí wọ́n pè lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra.